Ẹ̀yìn Ìwé Onígbèsè Ni Mo Ti Ń Ka Ọjọ́ Mi

Òǹkà àyálò ló gbé ọmọ mi kẹta wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú, ṣùgbọ́n a ò tíì pè é nígbà tó dé. Mo ń sọ ọ́ nítorí àwọn ọmọbìnrin tó ń wá rajà lọ́wọ́ mi ní Ọjà Ọba, nílùú Ìlọrin níbí. Wọ́n á ní àwọn náà ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù wọn kí oyún má baà dé. Bí mo bá béèrè bí wọ́n ṣe ń kà á, àyà mi a já.

Mílíìkì, ṣúgà àti tòmátì alágolo ni mò ń tà. Ọkọ mi ń wa tírélà lọ sí Èkó. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́jọ lójú ọ̀nà, kó wá sùn sílé fún òru méjì péré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí, ìyá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, ọmú ń dá oyún dúró. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ní gbèdéke. Ọmọ ò gbọdọ̀ tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni kó máa mu tọ̀sán-tòru, nǹkan oṣù ìyá ò sì gbọdọ̀ tíì padà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú 100 obìnrin, àwọn tó máa lóyún kò tó méjì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ báyìí, ó tán. Ní oṣù keje mo ti ń fún ọmọ lógì, síbẹ̀ mò ń wí pé, “Ṣebí mi ò tíì rí nǹkan oṣù mi.” Mi ò mọ̀ pé ẹyin tó ń di ọmọ lè kọ́kọ́ jáde kí ẹ̀jẹ̀ tó yọjú. Ọ̀kan wà lẹ́yìn, òmíràn ti ń tapá nínú. Àwọn ìyá wa àgbà, wọn kì í sún mọ́ ọkọ títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta nígbà mìíràn. Àmọ́ ọkọ tiwọn níyàwó mìíràn nílé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ fún ara wa.

Lẹ́yìn ìkejì, ọkọ mi ní òun á máa fà á yọ kó tó dà. Mo bi àfáà àdúgbò wa. Ó ní àwọn sàhábà ṣe é nígbà tí Àlùkùránì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ìyàwó gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Mo yọ̀ǹda. Ẹ̀sìn ò dí wa lọ́wọ́, ara ló dí wa. Ẹni tó ti ọ̀nà Èkó dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ̀yin náà ẹ sọ. Nínú 100 obìnrin tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e bí èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣe ń ṣe é, nǹkan bí 20 ló ń lóyún láàrin ọdún kan.

Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi kan, tí ìsọ̀ wa kọjú síra, fún mi ní òǹkà tirẹ̀. Ọjọ́ méje lẹ́yìn ìwẹ̀ ìmọ́ tí à ń wẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù bá dá, kò séwu. Ọjọ́ méje kí ẹ̀jẹ̀ tó tún dé, kò séwu. Àárín nìkan ni kí n sá fún. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń kà á, kò sì lóyún. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Àwa Mùsùlùmí, ọjọ́ ìwẹ̀ ìmọ́ la máa ń rántí jù, nítorí ìrun. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ ni ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ọjọ́ tó dá. Tèmi ń lo ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fi méje lé e, ó di ọjọ́ kejìlá. Oṣù ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kan bá yọ títí òmíràn á fi yọ, máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́, tèmi a máa kúrú dé 25 nígbà mìíràn. Ẹyin sì máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 25, ó ku 11. Ìyẹn ni pé inú ọjọ́ tí mò ń pè ní aláìléwu gan-an ni ẹyin wà. Àtọ̀ náà lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún, nítorí náà orí ló ń bá ọ̀rẹ́ mi ṣe é pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìkẹta, nọ́ọ̀sì kan bi mí pé ọjọ́ wo ni nǹkan oṣù mi máa ń dé. Mo ń wo òkè. Èmi tí mo lè sọ ẹni tó jẹ mí ní gbèsè mílíìkì láti Iléyá! Iye ààwẹ̀ Ràmàdáánì tí mo ní láti san padà nìkan ni mo rántí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣí ẹ̀yìn ìwé onígbèsè náà, kí n máa kọ ti ara mi síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti padà tó sì ń lọ déédéé, mo kọ ọ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Rọ́bà, ìyẹn kọ́ńdọ̀mù, la ń lò ní gbogbo àkókò yẹn. Oṣù tó kúrú jù jẹ́ ọjọ́ 25, èyí tó gùn jù jẹ́ ọjọ́ 31. Èèyàn á yọ 18 nínú èyí tó kúrú jù, ìyẹn 7. Á yọ 11 nínú èyí tó gùn jù, ìyẹn 20. Ọjọ́ keje títí dé ogúnjọ́ ni ọjọ́ ewu tèmi. Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Ọkọ mi ní ààwẹ̀ Ràmàdáánì pàápàá, a máa ń ṣínu lálẹ́.

Nọ́ọ̀sì náà fi ìlẹ̀kẹ̀ kan tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ hàn mí, hóró 32, pupa kan fún ọjọ́ kìíní, funfun méjìlá fún ọjọ́ ewu, ọjọ́ kẹjọ dé ìkọkàndínlógún. Ó wù mí. Ó ní kì í ṣe tèmi, àwọn tí oṣù wọn ò máa kúrò láàrin ọjọ́ 26 sí 32 ló wà fún. Ti wíwọn ooru ara láàárọ̀ kí n tó dìde, láti fi mọ ìgbà tí ẹyin jáde, ọ̀sẹ̀ kan ni mo ṣe é. Ọmọ ń jí mi lóru, mò ń dìde sàárì, kò bá ara mu. Èyí tó ṣe mí láǹfààní ni omi ojú ara. Bó bá ti ń yọ̀, tó ń fà láàrin ìka méjì bí funfun ẹyin adìẹ tútù, ẹyin ti fẹ́ jáde, kálẹ́ńdà ì báà wí ohun tó wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá ń yún yín tàbí tó ń rùn, ó lè jẹ́ àrùn, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò.

Omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ní kí a mu lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má baà dúró, mo mu ún rí. Inú rírun lásán ni. Òǹkà kì í sì í dènà éèdì. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé oyún lè gbẹ̀mí rẹ̀, kó lọ gba abẹ́rẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń fi sápá.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ kẹta ti ń lọ iléèwé, kò sì tíì sí ẹ̀kẹrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí ni ìwé wí. Mo ní ọjọ́ kẹtàlá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á yà ra rọ́bà lọ́nà.