Wi-Fi Ń Já Lẹ́yìn Tí Ẹ Gba Windows Tuntun: Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Router

Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Windows tuntun tán, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àfi Wi-Fi nìkan. Ó ń wọlé, ó ń já. Ojú ìwé kan á ṣí wàràwàrà, èyí tó tẹ̀ lé e á máa yí bírí láìdé. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ díẹ̀ ló ti bọ́ sí Windows 11, wàhálà yìí sì bá àwọn kan débẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á pa router, wọ́n á tàn án, wọ́n á tún un tò látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á yí password padà. Nígbà tí wọ́n bá fi ṣe tán, nǹkan márùn-ún ti yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo ló fa kí ni mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá ibi tó ti já ná. Bí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà, lórí Wi-Fi kan náà, kò bá já rárá, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì mú bébà àti gègé: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ tó kan òmíràn.

Ibi wo ló ti já?

Ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), kí ẹ tẹ ipconfig. Ẹ wo iwájú Default Gateway. Àdírẹ́sì router nìyẹn, ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Bí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ router rárá, òun ló fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé Command Prompt méjì, kí ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn wọ̀nyí sínú tirẹ̀:

ping -t 192.168.1.1
ping -t 1.1.1.1

Ping ń béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ àdírẹ́sì kan léraléra: ti òkè ni router, 1.1.1.1 sì jẹ́ àdírẹ́sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì níta ilé. Ẹ fi àdírẹ́sì router tiyín rọ́pò ti òkè yẹn. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa sáré lọ, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ yín títí Wi-Fi á fi já. Ctrl pẹ̀lú C la fi ń dá a dúró. Lórí Mac àti Linux, ping kò nílò -t, òun fúnra rẹ̀ kì í dúró.

Ẹ wá fi ojú síbẹ̀. Inú ilé, ìdáhùn router kì í sábà kọjá milisẹ́kọ́ǹdù mélòó kan. Bí ó bá fò láti 3 sí 400, tàbí tí ó kọ Request timed out, àárín kọ̀ǹpútà àti router ló ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní dá lé. Bí router bá ń dáhùn geerege ṣùgbọ́n tí 1.1.1.1 dákẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ pè, Windows kò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀. Bí méjèèjì bá ń dáhùn ṣùgbọ́n tí orúkọ ìkànnì kankan kò ṣí, DNS ni, ètò tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́sì. Ẹ tẹ ipconfig /flushdns, kí ẹ sì wò ó bóyá VPN tàbí antivirus àtijọ́ kan bá kọ̀ǹpútà kọjá sínú Windows tuntun. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń fi àjákù ara wọn sílẹ̀ sínú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ yọ wọ́n kúrò pátápátá kí ẹ tó dán an wò, nítorí pípa wọ́n lásán kò tó.

Windows ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ netsh wlan show wlanreport. Á kọ ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn sínú fáìlì kan, á sì sọ ibi tó fi í sí fún yín. Ẹ fi browser ṣí i. Gbogbo ìgbà tí Wi-Fi já wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkókò àti ìdí tí Windows mọ̀. Bí àkókò yẹn bá bá ìgbà tí ẹ dé kọ̀ǹpútà tàbí tí ẹ yọ ṣájà mu, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọ̀daràn.

Driver, ògbufọ̀ tí wọ́n pààrọ̀

Driver ni ògbufọ̀ láàárín Windows àti káàdì Wi-Fi. Bí Windows bá yí padà, ó lè mú ògbufọ̀ tuntun wá, tàbí kí ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbi èdè tí kò gbọ́ dáadáa mọ́. Nínú gbogbo ohun tó ń fa ìjákulẹ̀ lẹ́yìn irú ìyípadà yìí, òun ni mo máa ń fura sí ṣáájú.

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ Start, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Network adapters, kí ẹ tẹ káàdì Wi-Fi lẹ́ẹ̀mejì. Lábẹ́ Driver, ẹ kọ orúkọ káàdì, ọjọ́ àti nọ́ńbà version sílẹ̀. Ẹ má fo èyí, torí ẹ máa fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti kúrò. Bí Roll Back Driver bá ṣeé tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tan, kí ẹ sì padà sídìí ping. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, Windows kò tọ́jú driver àtijọ́ nìyẹn.

Nígbà náà, ẹ lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi nọ́ńbà model wá driver Wi-Fi fún Windows tí ẹ wà lórí rẹ̀. Bí káàdì bá jẹ́ ti Intel, èyí tí Intel fúnra wọn gbé jáde náà dára. Ẹ gbà á sílẹ̀ KÍ Ẹ TÓ yọ ti àtijọ́, kó ti wà lọ́wọ́ yín ná. Ẹni tó bá yọ driver láìtíì ní òmíràn lè di ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó máa fi wá òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ yan Uninstall device, ẹ fi àmì sí àpótí tó ní kí Windows pa driver náà rẹ́ pẹ̀lú, ẹ tún kọ̀ǹpútà tan, kí ẹ wá fi tuntun sí i.

Kí ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: Windows Update lè mú driver tí ẹ lé lọ padà wá. Bí èyí tí ẹ fi sí i bá ń ṣiṣẹ́, ẹ lo Pause updates fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì máa wo Optional updates bóyá driver tó tún tuntun ju èyí tó ń já lọ ti dé.

Iná tí Windows ń ṣọ́

Bí Wi-Fi bá ń já nígbà tí ẹ kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, tàbí lórí bátìrì nìkan, tàbí gẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà jí lójú oorun, ẹ wo ọ̀rọ̀ iná. Ìyípadà ńlá lè dá ètò ìṣọ́ná padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe tò ó, Windows á sì máa pa káàdì láti fi bátìrì pamọ́. Nínú Properties káàdì yẹn kan náà, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device to save power. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun kò ní ojú ewé yìí mọ́. Ẹ má dààmú bí ẹ kò bá rí i. Ẹ wò ó nínú Control Panel, lábẹ́ Power Options, bóyá Wireless Adapter Settings wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ fi í sí Maximum Performance.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé Shut down lórí Windows kì í ṣe oorun àsùnwọra bí Fast startup bá wà ní títàn. Windows máa ń tọ́jú ara rẹ̀ àti àwọn driver sórí disk, á sì jí wọn padà bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá pa kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹwàá lè máa gbé àṣìṣe kan náà káàkiri. Restart ni kí ẹ máa lò nígbà ìdánwò, nítorí òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo látìpilẹ̀.

Orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nípamọ́

Ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ máa ń bá Windows kọjá, ó sì lè má bá ti tuntun mu mọ́. Nínú ètò Wi-Fi, ẹ yan Forget lórí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, kí ẹ sì tún wọlé. Bí ẹ bá ti gbàgbé password, ẹ kọ́kọ́ tẹ netsh wlan show profile name="ORÚKỌ" key=clear, á sì fi hàn yín níwájú Key Content.

Bí router bá wà lórí àdàpọ̀ WPA2 àti WPA3, ìyẹn irú ààbò tí a fi ń ti Wi-Fi, tí kọ̀ǹpútà sì ń béèrè password léraléra, ẹ fi router sí WPA2 pẹ̀lú AES nìkan fún ìdánwò. Bí ó bá dúró, driver káàdì kò mọ WPA3 lò dáadáa nìyẹn. WEP àti TKIP, ààbò àtijọ́, kò yẹ kó wà lórí router ẹnikẹ́ni mọ́. Kò láàbò, Windows 11 fúnra rẹ̀ sì ń kìlọ̀ nípa wọn.

Ẹni tó bá fi router ṣọ́nà, tó jẹ́ àwọn MAC address (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó mọ̀ nìkan ló ń gbà wọlé, kí ó wo Random hardware addresses nínú ètò Wi-Fi. Bí ó bá wà ní títàn, ojú tí kọ̀ǹpútà gbé wá kì í ṣe èyí tí router mọ̀. Mac náà ní irú rẹ̀: láti macOS Sequoia ti ọdún 2024, ẹ lè rí Private Wi-Fi Address fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú Off, Fixed àti Rotating.

Afẹ́fẹ́ inú ilé

Ìgbà míì, driver tuntun kàn yan ọ̀nà míràn ni. Bí 2.4 GHz àti 5 GHz, ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì tí router fi ń sọ̀rọ̀, bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà lè máa fò láti ọ̀kan sí èkejì. Lábẹ́ Advanced nínú Properties káàdì, ọ̀pọ̀ káàdì ní Preferred Band (ọ̀nà tó fẹ́ràn jù) àti Roaming Aggressiveness (bó ṣe ń yára wá ibòmíràn tó máa ṣí lọ). Nínú ilé tó ní router kan ṣoṣo, ẹ rẹ Roaming Aggressiveness sílẹ̀, nítorí kò síbi tó fẹ́ ṣí lọ.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pín sí channel. Nínú ètò router, lórí 2.4 GHz, channel 1, 6 tàbí 11 ni kí ẹ lò, kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju 20 MHz lọ. Channel tó wà láàárín wọn ń da ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láàmú ni. Lórí 5 GHz, ẹ ṣọ́ra fún channel láti 52 sókè sí 144. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, rédà ló ni ọ̀nà yẹn. Bí router bá gbọ́ rédà, dandan ni kó sá kúrò, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ́tí fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kó tó sọ̀rọ̀ lórí òmíràn irú rẹ̀. Lójú yín, Wi-Fi á kàn pòórá. Channel 36 sí 48 kò ní irú ìyẹn.

Lórí Mac, ẹ di Option mú, kí ẹ tẹ àmì Wi-Fi: ẹ ó rí RSSI, ìwọ̀n agbára Wi-Fi tó ń dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dára tó. −55 dára gan-an, −67 ṣì ń gbé fídíò, −80 ti fẹ́ já. Lórí Windows, netsh wlan show interfaces á fún yín ní ìdá ọgọ́rùn-ún níwájú Signal, pẹ̀lú channel tí ẹ wà. Bí disk tàbí hub USB 3 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ sún un jìnnà díẹ̀: ariwo rẹ̀ máa ń wọnú 2.4 GHz.

Fún àwọn tó ń lo Linux

Ẹ tún kọ̀ǹpútà tan, kí ẹ yan Advanced options nínú GRUB (àtòjọ tó máa ń yọ bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn), kí ẹ fi kernel (ọkàn Linux) àtijọ́ wọlé. Bí Wi-Fi bá dúró níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí: kernel tuntun tàbí firmware (ètò inú káàdì fúnra rẹ̀) ni. lspci -k á fi driver tó ń lo káàdì hàn bí káàdì bá wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí Kernel driver in use lábẹ́ rẹ̀, pàápàá lórí Broadcom, ó ṣeé ṣe kí DKMS, ètò tó ń kọ́ driver fún kernel, má tíì kọ́ module (driver náà) fún kernel tuntun, tàbí kí Secure Boot, ààbò tí kì í gba driver tí kò ní àmì ìfọwọ́sí, ti dí i lọ́nà. Tó bá jẹ́ pé ó ń falẹ̀ tó sì ń já, ẹ dá ìṣọ́ná Wi-Fi dúró: ẹ fi ìlà wifi.powersave = 2 sábẹ́ [connection] nínú fáìlì kan tó parí pẹ̀lú .conf ní /etc/NetworkManager/conf.d, kí ẹ sì tún NetworkManager bẹ̀rẹ̀. Lórí Ubuntu, ẹ lè bá fáìlì kan níbẹ̀ tó ti fi í sí 3. Ẹ yí 3 yẹn sí 2.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀

Network reset wà nínú Settings, lábẹ́ Advanced network settings. Á yọ gbogbo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á sì tún wọn fi sí i. Password Wi-Fi á lọ, VPN lè nílò àtúntò. Ìdí nìyí tí mo fi fi í sẹ́yìn.

Bí ìyẹn náà kò bá ràn án, Go back wà nínú Recovery, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Windows ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì pa fóldà Windows.old rẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà fáìlì yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ Windows 10 ni ẹ ń padà sí, ẹ ń padà síbi tí àtìlẹ́yìn ti parí nìyẹn, kì í ṣe ibi àtigbé pẹ́.

Fún káàdì àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe driver fún mọ́, ẹ má pa Memory integrity (ààbò tó lè dí driver àtijọ́ lọ́nà) nínú Windows Security nítorí rẹ̀, ààbò yẹn níye lórí ju káàdì lọ. Ẹ ra adapter USB tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní kedere pé ó ń bá Windows yín ṣiṣẹ́, ẹ fi waya USB kúkúrú gbé e jìnnà sí ara kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yan Disable device lórí káàdì inú, kí àwọn méjèèjì má bàa máa du nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà.