Omi tó ń kán lókè àjà wa kì í ṣe omi òjò

Bọ́ńgálò àtijọ́ ni ilé tí a ń gbé ní Chicago, ẹni tó tà á fún wa sì ti sọ òkè àjà rẹ̀ di yàrá kí a tó dé. Àwọn ọmọ wa ọkùnrin méjì ló ń sùn níbẹ̀. Nígbà òtútù ọdún kejì ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ibùsùn èyí àbúrò, àbàwọ́n aláwọ̀ tíì sì yọ lára àjà. Ohun tí mo rò ni pé òrùlé ń jò. Mo pe kápẹ́ńtà, ó tún ẹ̀gbẹ́ ṣímínì ṣe, ó gba dọ́là 850 lọ́wọ́ mi, ọ̀sẹ̀ méjì kò sì pé tí omi tún fi dé.

Màmá mi, tí wọ́n wá láti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, ni wọ́n kọ́kọ́ fura. Wọ́n ní, “Àkànní, òjò kò rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn lẹ́yìn òtútù tó le ni omi yìí ń kán. Lọ wo inú ìdérí ìkòkò tó wà lórí iná yẹn.”

Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára ògiri kúkúrú ẹ̀gbẹ́ yàrá, mo sì rákò wọlé. Gbogbo ẹnu ìṣó tó yọ lábẹ́ pákó òrùlé ló funfun bí ẹni pé a tì wọ́n bọ inú iyọ̀, yìnyín ni. Pákó tó yí wọn ká ti dúdú, ó ti bu. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti rí rọ́bà fáànù tó ń fa oru jáde nílé ìwẹ̀, tí ẹni tó kọ́ yàrá náà kò yọ síta rárá, tó kàn jù ú sórí òwú insulation, ìyẹn òwú tí kì í jẹ́ kí ooru ilé jáde, tí oru omi gbígbóná tí gbogbo ilé fi ń wẹ̀ láràárọ̀ sì ń tú síbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yàrá tó wà ní ìwọ̀n 70 Fahrenheit, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò di omi lára ohunkóhun tí kò bá móoru tó nǹkan bí 45. Ìṣó òrùlé máa ń tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì nígbà òtútù níhìn-ín. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò iná àjà àti ẹ̀gbẹ́ páìpù gòkè á sẹ̀ sára ìṣó bí ìrì, á dì, á sì wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ́ ọ.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ máa kọ ọjọ́ tí omi bá kán sílẹ̀ àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn òjò, tó sì jẹ́ ojú kan náà, ẹ yẹ òrùlé wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn òtútù, tó sì fọ́n káàkiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ilé ni omi ti ń wá. Mo ra hygrometer kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, sí yàrá àwọn ọmọ. 58 ló kà lálẹ́ ọjọ́ tí a se ẹran tí a tún sá aṣọ sínú ilé. Mi ò fẹ́ kó kọjá 40 mọ́ nígbà òtútù. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má se ẹran o; ẹ ṣáà bo ìkòkò, kí ẹ sì tan fáànù ìdáná, bó bá jẹ́ ìta ló ń fẹ́ sí.

Rọ́bà fáànù ni a kọ́kọ́ yọ síta gba orí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni mo fi fóòmù dí gbogbo ihò, ìgbà yẹn ni mo tó fọwọ́ kan òwú, nítorí òwú kì í dá afẹ́fẹ́ dúró. Èmi fúnra mi ṣẹ̀ níbí: lọ́dún àkọ́kọ́, mo ti ki òwú sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kí ilé lè móoru, mo sì fi dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà lọ sí góńgó òrùlé. Mo fà á sẹ́yìn, mo sì kan ike pẹlẹbẹ sáàárín àwọn igi òrùlé kí àlàfo lè wà. Ẹnìkan ní kí n da bílíìṣì sí pákó tó bu, ṣùgbọ́n ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi fọ̀ ọ́, mo wọ ìbomú, mo sì gé àjà tó ti rọ̀ dànù.

Ní òwúrọ̀ kan tí òtútù mú gan-an lóṣù tó kọjá, mo tún rákò wọlé. Ìṣó mẹ́rin péré, lẹ́bàá ilẹ̀kùn kékeré náà, ló ṣì funfun lẹ́nu. Mo ti ra rọ́bà tí n ó fi yí etí ilẹ̀kùn ọ̀hún ká.