Ta ni mo máa bá fa tábà ní Ybor City?

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní ṣọ́ọ̀bù tábà kan ní Seventh Avenue, Ybor City, nílùú Tampa tí mò ń gbé ní ìpínlẹ̀ Florida, l'Amẹ́ríkà, bàbá ará Kúbà kan bi wá ní ìbéèrè kan tí kò kúrò lọ́kàn mi di òní. Ó ní: bí Ọlọ́run bá gbà fún ẹ kí o pe ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ alààyè, ìbáà jẹ́ òkú, kí ó wá jókòó tì ọ́ kí ẹ jọ fa tábà kan tán, ta lo máa pè? Nǹkan bíi wákàtí kan ni tábà tó dáa máa ń gbà kó tó jó tán, nítorí náà wákàtí kan náà ni àlejò yẹn ní.

Tábà tí mò ń wí yìí kì í ṣe sìgá oníbébà o. Ewé tábà gan-an ni, tí wọ́n fi ewé ká ewé, tí wọ́n sì tún fi ewé tó dára jù wé e lára. Tabaco ni àwọn ará Kúbà ń pè é. Tábà ni bàbá mi náà ń pe èyí tó ń gbìn n'Ísẹ́yìn. Kí ló wá dé tí mo fi máa wá orúkọ mìíràn fún un? Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń fa á, torí mo mọ ohun tó lè fi ara ṣe.

Ẹni tó jókòó lápá òsì mi pe Muhammad Ali. Ẹnì kan pe Fela. Ẹnì kan dárúkọ Castro, ẹni tó ṣe olórí Kúbà rí, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́, torí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun àwọn kan níbẹ̀ wọ egungun. Ó wá kàn mí.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Tábà ló fi rán wa níléèwé. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yé rùn ewé títí di ọjọ́ Àìkú, bó ti wù kó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ tó. Mo rántí ilé tí wọ́n ti ń yan án, ooru ibẹ̀, àti bí a ṣe máa ń jí lóru lọ wo iná kó má baà kú, kó má sì pọ̀ jù. Mo tún rántí bí àwọn tó ń rà á ṣe máa ń dúró ti ìdì ewé, tí wọ́n á ní èyí ò dára tó, tí owó á sì wálẹ̀. Bàbá mi ò ní sọ nǹkan kan. Ó kàn máa fi áṣáà símú ni. Ó wù mí kí n bi í léèrè ohun tó ń rò láwọn ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó síwájú bàbá rẹ̀ kó tanná sí tábà? Bí àgbà bá yọ lọ́nà nílé wa, ńṣe lèèyàn máa ń fi ọwọ́ tó mú sìgá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá jí bàbá mi dìde fún wákàtí kan, orí ìdọ̀bálẹ̀ ni màá ti lo gbogbo ẹ̀, tábà á sì jó dànù lórí àwo. Ìyẹn ò lè ṣeé ṣe.

Mo bá dáhùn pé: Paulina Pedroso.

Bàbá ará Kúbà yẹn wò mí lójú fún ìgbà pípẹ́. Òun náà ló sọ ìtàn obìnrin yìí fún mi lọ́dún tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ gan-an, omi ló fà á. Mo rí i tó ń ta omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láàárọ̀, tó ń sọ pé: “Omi tutu, ona tutu, ilé tutu.” Mo dúró gbári. Omi tútù, ọ̀nà tútù, ilé tútù! Ó ní ẹnu ìyá-ìyá òun ní Matanzas, ní Kúbà, lòun ti gbọ́ ọ. Kò gbọ́ Yorùbá tí mò ń sọ, èdè Sípéènì tèmi náà ò sì tó nǹkan, síbẹ̀ a jọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ìtàn Ybor City ò ṣeé yà kúrò lára tábà. Vicente Martinez Ybor ló tẹ ibẹ̀ dó ní 1885 nígbà tó kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Key West, àwọn ará Kúbà sì tẹ̀ lé e wá láti wá máa ká ewé. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn wọn ni òǹkàwé. Èèyàn kan máa ń jókòó sórí àga gíga láàárín àwọn òṣìṣẹ́, á máa ka ìwé ìròyìn fún wọn, á sì tún ka ìtàn aládùn, gbogbo wọn á máa gbọ́, ọwọ́ wọn ò sì ní dúró. Àpò ara wọn ni wọ́n ti ń dá owó rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà á mọ ohun tó ń lọ láyé. Ní 1931 àwọn ọ̀gá lé àwọn òǹkàwé kúrò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà ń ru òṣìṣẹ́ sókè. Rédíò ló rọ́pò wọn.

Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Paulina ń gbé. Obìnrin adúláwọ̀ ará Kúbà ni. Òun àti Ruperto, ọkọ rẹ̀, ní ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ tábà ń sùn, tí wọ́n sì ti ń jẹun. José Martí, akéwì tó ń kó owó àti èèyàn jọ láti gba Kúbà sílẹ̀ lọ́wọ́ Sípéènì, kọ́kọ́ dé Tampa ní oṣù Kọkànlá 1891. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ fún un ní májèlé jẹ ní ìlú yìí. Látìgbà náà, ilé Paulina ló ń dé sí. Wọ́n ní Ruperto máa ń sùn sẹ́nu ilẹ̀kùn àlejò lóru, kí ẹni tó bá fẹ́ pa á kọ́kọ́ tẹ òun mọ́lẹ̀. Martí kú lójú ogun ní 1895. Ibi tí ilé yẹn wà ti di ọgbà kékeré kan báyìí, ère Martí dúró níbẹ̀, ìjọba Kúbà ló sì ni ilẹ̀ náà.

Ní 1904, àwọn ará Kúbà tó jẹ́ adúláwọ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, La Unión Martí-Maceo, torí òfin Florida kò fẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jókòó. Èyí dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ. Obìnrin dúdú kan fi ilé rẹ̀ dáàbò bo aṣáájú wọn, kò sì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà tí àwọn tó jọ tẹ̀ lé e ò lè pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo mọ́.

Ìdí tí mo fi pè é ò tó bẹ́ẹ̀ ga. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, obìnrin Yorùbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì ló gbà mí sílé. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi sùn ní pálọ̀ rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan n'Ísẹ́yìn ti pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, oṣù mẹ́ta péré, kí n fi rí yàrá.” Mo ní màá pè é padà. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án, mi ò tíì pè é. Ẹni tí a gbà sílé kẹ́yìn sá lọ, ó fi gbèsè sílẹ̀ fún wa, ìyàwó mi sì sunkún nítorí ẹ̀. “Bàbá Àyọ̀, mi ò ní kí ẹ má ṣe é o,” ló wí, “ṣùgbọ́n ẹ rò ó dáadáa.”

Ohun tí mo fẹ́ bi Paulina nìyẹn. Màá kọ́kọ́ kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀, màá dúró títí á fi na tábà sí mi fúnra rẹ̀, torí pé bí àgbà bá fúnra rẹ̀ fún ọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Lẹ́yìn náà màá ní: Màmá, ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ gbà á wọlé, ṣé oorun kùn yín? Ṣé ẹ bá ọkọ yín jà díẹ̀ nínú yàrá kí ẹ tó gbà? Kí lẹ sè fún un? Ṣé ìyá tiyín náà máa ń ta omi sílẹ̀ láàárọ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ síbi ọgbà yẹn. Mo dúró lẹ́yìn irin, mo ń wo ilẹ̀ tí ilé náà wà. Tábà tí mi ò tíì tanná sí wà lápò mi. Mo pe ìyàwó mi, a sọ̀rọ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà mo pe Ìsẹ́yìn.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n mú ẹ̀lùbọ́ dání?”

Mo ní kó mú un wá, kó sì fi ewúro gbígbẹ kún un.