Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Tẹ́ Òwú Sínú Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Jẹnẹrétọ̀ Wa

Ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú, a mọ ilé bo jẹnẹrétọ̀ onídísù wa, síbẹ̀ ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa ló là mí lójú. Ó ní, "Ọmọ mi, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde náà ni ariwo ń bá jáde."

Mo ra rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, mo sì ní kí wọ́n fi tẹ́ inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ìró bá wọ àárín fọ́nrán òwú náà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á máa ha mọ́ fọ́nrán, agbára ìró á sì di ooru díẹ̀ tí ọwọ́ kò lè mọ̀. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn fóòmù ìbùsùn nítorí owó. Ẹ má dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná kì í pẹ́ ràn mọ́ ọn.

Igbe fáànù rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ, ó sì pa ara rẹ̀. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì ga ní 60, ti di 40 sí 40 nítorí òwú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àyè 3,600 ti di 1,600, kò tó ìdajì. Wẹ́dà tún un ṣe ní 80 sí 80, kí 60 lè ṣẹ́ kù fún afẹ́fẹ́. Mo ní kí ó fi igun kan sí i, torí pé ìró tó ń gún etí a máa lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, kí ó sì fi páànù oníhò wẹ́wẹ́ bo òwú, kí afẹ́fẹ́ má baà máa fà á já.

Ìkùn tó ń mi fèrèsé nìkan ni kò gbọ́. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 tó ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan ń bú nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì irú ìró bẹ́ẹ̀ sì gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Kí ni òwú sẹ̀ǹtímítà 10 fẹ́ fi ṣe é? Sáílẹ́ńsà tó tóbi ló dín èyí tó ń gba ẹnu èéfín jáde kù. Bàbá náà ṣì ń gbọ́ díẹ̀ nígbà tó bá forí lé ìrọ̀rí, nítorí pé ìkùn tó ṣẹ́ kù ń gba ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó rọ́bà tí wọn yóò fi gbé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí kọnkéré ni mo ń kó jọ báyìí.