Òfin ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀

Níbi ìkómọ kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lánàá, àwọn ẹ̀gbọ́n ń jiyàn nípa ìrẹ́jẹ: ẹ̀yà wo ni wọ́n ń fi ipò dù, ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni o. Àmọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bu omi fún wa ò tíì jókòó láti àárọ̀. Mo bi onílé pé èló ni wọ́n ń san fún un lóṣù.

"₦15,000, ó sì ń jẹun lọ́dọ̀ wa."

₦80,000 ni owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tọdún 2019, ò sì kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá pé 25, torí náà onílé ò rúfin. Yorùbá ni ọmọ yìí, ẹ̀sìn kan náà lòun àti onílé ń ṣe. Ta ni yóò gbèjà irú ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan ní, "Àbúrò, jẹ́ á jẹun jàre."