Màmá mi dé láíbìrì Peckham

Èmi àti màmá mi gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ìtàn fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní láíbìrì Peckham ní London láàárọ̀ yìí. Láti ilé ni Màmá ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ oṣù mẹ́fà tí kò tíì rá, ìwé wo ló fẹ́ kà?"

A jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ lórí itan. Obìnrin tó ń kàwé ń dún bíi màlúù, ó ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ, àmọ́ etí ìwé ni ọmọ tèmi ń jẹ ní tiẹ̀. Ìwé páálí ni, kò lè ya. Itọ́ ṣáà bò ó. (Ẹni tó ronú kan páálí yẹn, á pẹ́ láyé.)

Màmá ká apá mọ́ àyà, àfi ìgbà tí wọ́n pín ṣaworo kéékèèké. Ló bá di ijó! Orin òyìnbó ni o, ijó bàtá ni Màmá ń jó sí i. Nígbà tó kù díẹ̀ ká tú ká, Màmá pariwo: "Ààlọ́ o!" Àwọn ìyá kan dáhùn lẹ́yìn: "Ààlọ̀!" Peckham ṣáà ni, Yorùbá pọ̀ níbẹ̀.

Màmá ní àwọn máa dá gbé ọmọ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n jókòó sílé.

Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílùú ọba, ẹ béèrè ìwé Bookstart náà. Láti 1992 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Birmingham ni wọ́n ti ń fún ọmọ ọwọ́ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́.