Ọmọdé ni, kò ní rántí

Iṣẹ́ pọ̀ lónìí, mo sì ṣe ìwọ̀n tí mo lè ṣe. Gbólóhùn kan tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ọmọ oṣù 18 sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí fún oṣù díẹ̀, ẹnì kan sì ní, “Ọmọdé ni, kò ní rántí.”

Òótọ́ ni, kò ní rántí. Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbàlagbà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kí ó tó pé ọmọ ọdún 2, n kò sì lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí a kò bá rántí kò ṣẹlẹ̀ sí wa ni? Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, kíyè sí i pé bí ọmọ bá ti ń tó oṣù 8, á máa wá ohun tí wọ́n fi aṣọ bò níṣojú rẹ̀. A jẹ́ pé ó ti mọ̀ pé ohun tí òun kò rí mọ́ ṣì wà níbì kan. Ẹni tó bá mọ èyí lè máa retí ìyá rẹ̀.

Mary Ainsworth, olùwádìí nípa bí ọkàn ọmọ ṣe ń fà mọ́ ìyá rẹ̀, ló tún ń wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́yìn tí ó ti wo àwọn ìyá àti ọmọ wọn ní Ùgáńdà ní ọdún 1954 sí 1955, ó gbé àyẹ̀wò kan kalẹ̀ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ìyá ti ń jáde kúrò nínú yàrá fún bí ìṣẹ́jú 3, tí yóò sì padà wọlé bá ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún kan. Àwọn kan sunkún, wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí ìyá gbé wọn. Àwọn mìíràn rọ̀ mọ́ ìyá, wọ́n sì tún ń fi ìbínú tì í. Àwọn tó ń dùn mí jù ni àwọn tí kò sunkún, tí wọn kò wo ojú ìyá nígbà tó wọlé, tí wọ́n tẹjú mọ́ ohun ìṣeré ọwọ́ wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí ẹ̀yìn rẹ̀ wọn bí ọkàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lù, eré ló ń sá. Ẹni tó bá wò wọ́n yóò ní ara tù wọ́n. Yóò ní wọn kò ní rántí.

Bóyá mo le jù. Michael Rutter, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ láti ilé ìtọ́jú ọmọ ní Ròmáníà, níbi tí wọn kò ti rí ìtọ́jú tó yẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé oṣù 6 ló dàgbà dáadáa. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Àmọ́ ti oṣù 6 kọ́ ni ọ̀rọ̀ tiwa yìí…

N kò mọ ohun tó lé ìyá náà, ó sì lè má ní ọ̀nà mìíràn. Ó kàn wù mí kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ náà lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, kí ó sì fara balẹ̀ wo ojú ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.